Ọrọ̀ Tí Báńkì Kò Ríbi Kó Sí

Àkọ́bí mi obìnrin,

Èmi bàbá rẹ ni mò ń kọ̀wé yìí, èmi tí pákó ya lù lẹ́ẹ̀mẹta tí n kò kú, èmi tí ọ̀gá mi fi òòlù kàn lórí títí mo fi mọ ìṣó kàn láìwò ó, èmi tí mo sùn sórí èérún pákó fún odidi ọdún mẹ́rin nígbà tí mò ń kan ibùsùn fún àwọn tí kò ṣiṣẹ́ tó mi, èmi tí oníbàárà mi àkọ́kọ́ jókòó sórí àga mi, tí àga náà tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lójú àwọn àna rẹ̀, tí mo sì sá fún ọjọ́ méjì kí n tó padà wá bẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo là kọjá. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn méjì ni mo ní lónìí. Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín tí o ní ó máa ń gbéra fúnra rẹ̀ má ṣe gbé ọ kọjá ibi tí o fẹ́ sọ̀.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ń bá mi bínú díẹ̀ torí pé mo wọ̀n ọ́n lóṣù tó kọjá. O ṣáà mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, n kì í kan àga fún ẹni tí n kò bá wọ̀n. Okùn kan fún ẹnì kan, kókó àkọ́kọ́ fún gígùn ẹsẹ̀ láti orúnkún dé ilẹ̀, ìkejì fún fífẹ̀ ìdí, ìkẹta fún ibi tí ẹ̀yìn ti ń dun onítọ̀hún, n ó sì so àkísà aṣọ rẹ̀ mọ́ ọn kí n lè dá a mọ̀ lára ògiri. Mo wá sọ fún ìyá rẹ pé kókó rẹ̀ kejì ti ṣí kúrò níbi tó wà. Ó ní ọkọ ẹlòmíràn máa ń wo ojú ìyàwó rẹ̀. Mo ní wọn kì í fi ojú jókòó. Láti ọjọ́ náà ni ọbẹ̀ mi kò ti níyọ̀.

Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù dé. Mo wẹ̀, mo dé fìlà kí n tó gbọ́ ọ, torí ọmọ tó kàwé ló fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo kí ọ lẹ́ẹ̀mẹta o kò dáhùn, o kàn ń bá tìrẹ lọ bí omi. Ìyá rẹ ní ìwọ kọ́ lo wà níbẹ̀, pé ohùn lásán ni. Mo ní ta ló wá ń sọ̀rọ̀ nígbà náà? Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì ọ́, torí ọ̀rọ̀ tí o sọ dára. O ní owó nìkan kọ́ ni ọrọ̀ ilé iṣẹ́. O ní orúkọ rere jẹ́ ọrọ̀, ohun tí òṣìṣẹ́ wa mọ̀ jẹ́ ọrọ̀, ohun tí a mọ̀ nípa oníbàárà wa náà jẹ́ ọrọ̀, àti pé àwọn ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ń ta ọjà ní pọ́ọ́kú lé wa kúrò lórí àtẹ.

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sákòókò. Ọkùnrin kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì wa. Onídígí là ń pè é, torí dígí ni ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àga rọ́bà ló ń tà, ó ń tò wọ́n léra bí abọ́. Láti oṣù mẹ́rin tó ti dé, àga méjì péré ni mo tà, ìyá rẹ ló sì ra ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ ìlú wá kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò ṣe ọgọ́fà àga fún gbọ̀ngàn tuntun. Bí n kò bá rí iṣẹ́ yẹn gbà, ilẹ̀kùn kan nínú méjèèjì ni n ó tì pa, n ó sì ní kí Kúkúrú, tó ti ń bá mi fá pákó láti ọdún méjìdínlógún, máa lọ. Ìgbìmọ̀ sì ní kí kálukú wa mú ìwé wá láti báńkì, tó máa fi hàn pé a lọ́rọ̀ lọ́wọ́. Ọmọ mi, owó tí mo ní ní báńkì kò ra páálí ìṣó kan. Àfi bí mo ṣe rántí ọ̀rọ̀ rẹ.

Kúkúrú ni mo kọ́kọ́ bójú tó. Mo ra akoto irin dé e lórí, torí ibẹ̀ ni ohun tó mọ̀ wà, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe sín lẹ́bàá títì, kí Onídígí má lọ rí nǹkan ṣà. Ó ní akoto náà ń gbóná. Mo ní ọrọ̀ ló ń hó níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo tú gbogbo okùn ara ògiri, igba ó lé mọ́kànlá, mo kó wọn sínú àpò méjì, ó di báńkì. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn fèrèsé fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iye, mo kọ igba ó lé mọ́kànlá. Níbi tí wọ́n ti bèèrè irú owó, mo kọ ìdí ènìyàn. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí yóò jogún rẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ, nítorí náà kí o mọ̀ pé ìwọ lo ni gbogbo ìdí ìlú yìí lẹ́yìn ikú mi. Wọ́n ní kí n tẹ àtàǹpàkò, mo fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má baà rò pé mò ń fi nǹkan pamọ́. Ọmọbìnrin náà ní Bàbá, a kì í gba okùn. Mo ní kó kó o sínú ẹ̀rọ tó ń ka owó, kó kà á. Ó ní owó nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀! Ẹnì kan lẹ́yìn mi wá ń kùn pé ta ló jẹ́ kí káfíńtà wọlé. Mo yíjú, mo wò ó, mo fa okùn rẹ̀ yọ, mo ní ìwọ tí kókó rẹ kejì jìnnà sí àkọ́kọ́ tó báyìí, o tún lẹ́nu. Ó fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ bo ìdí.

Ariwo yẹn ló mú mánẹ́jà jáde. Nígbà tó gbọ́ tẹnu mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá kọ ìwé fún mi, ó lù ú lóǹtẹ̀. Ó ní báńkì jẹ́rìí pé bàbá yìí kó okùn igba ó lé mọ́kànlá wá, àti pé àwọn kò ní àpótí tó lè gbà á. Ṣé o gbọ́? Ọrọ̀ mi tóbi ju àpótí báńkì lọ!

Lọ́jọ́ Ẹtì, a pàdé níwájú ìgbìmọ̀. Ìwé báńkì Onídígí, òdo inú rẹ̀ tò bí ẹyin adìyẹ. Alága ìgbìmọ̀, ọkùnrin tó tóbi ju ìyá rẹ lọ ní ìlọ́po méjì, ka tèmi sókè, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Mo wo Kúkúrú, ó ti di akoto rẹ̀ mú. Alága ní kí kálukú gbé àga àpẹẹrẹ rẹ̀ wá. Ó jókòó sórí ti Onídígí. Nígbà tó fẹ́ dìde, àga bá a dìde. Èèyàn mẹ́ta ló di àga mú, méjì di alága mú. Onídígí ń pariwo pé kí wọ́n rọra, pé apá rẹ̀ lè kán, alága ní ṣé apá òun àbí apá àga. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ tán, mo bi Onídígí pé ìdí ta ló wọ̀n kó tó ṣe é. Ó ní ti gbogbo ènìyàn. Mo ní gbogbo ènìyàn yẹn, ṣé ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ rí?

Mo wá gbé tèmi síwájú. Ọdún mẹ́fà ni alága ti wá bá mi gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì fi ìbú ìka mẹ́ta kún un, torí mo ti wọn bàbá rẹ̀, mo mọ bí ara ìdílé wọn ṣe ń ṣe. Ó jókòó. Ó mí kanlẹ̀. Ó pa ojú dé. Ìgbà tí ìpàdé parí, wọ́n ní kó jẹ́ ká lọ, ó ní kí àwa máa lọ. Èmi ni wọ́n gbé ọgọ́fà àga fún. Kúkúrú sunkún nínú akoto.

Mo ti sọ fún wọn pé n kò ní kan àga kankan láìwọn ẹni tí yóò jókòó sí i, ni ìlú bá tò sí ẹnu ọ̀nà mi. Okùn ti tán. Jọ̀wọ́, fi owó okùn ránṣẹ́, má fi sínú fóònù, torí n kò mọ ibi tí wọ́n ń gbà ṣí i. Kí o sì wọn ara rẹ, kí o ta kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o fi í sínú àpò ìwé, kí n lè kan àga tìrẹ. Èyí tí mo ní lára ògiri, ti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ibikíbi tí o bá jókòó sí, ibẹ̀ á tù ọ́ lára, àwọn ará ọ́fíìsì yín kò ní dìde fún ọ lásán, àṣẹ ẹnu rẹ ni wọ́n máa gbà.

Ní ti Onídígí, mo ti ń wò ó gba inú dígí rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Irinwó àga ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìdúró ló ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ilẹ̀ Ajé bá ti mọ́, n ó mú okùn dání, n ó sọdá títì, n ó lọ wọ̀n ọ́n.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.