Ìwé Àṣẹ fún Ilé Ìdáná Akunlé

                                                  Ilé tó kángun sí ọgbà,
                                                  Òpópónà Ẹ̀yìn Odi.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ tó ti di ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ṣé ara le, ṣé ọkàn balẹ̀? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti lọ sílẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tí yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Ìyá yín àgbà ńkọ́, tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn ò gbọ́ràn mọ́, àmọ́ tó jẹ́ pé tí èèyàn bá ti sọ̀rọ̀ wọn lábẹ́lẹ̀, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dáhùn? Mo kí gbogbo yín tilé tọ̀nà. Ní tiwa, a wà, a ń mí, a ń jẹun. Jíjẹun yẹn gan-an ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

O bínú pé mo dákẹ́. O ní bóyá mo ti rí ọ̀rẹ́ mìíràn. Ọ̀rẹ́ wo? Ẹni tó ń tọ ìwé àṣẹ kiri láti tún ilé ìdáná kọ́, níbo ló ti máa ráyè yan ọ̀rẹ́? Fara balẹ̀, kí n rò fún ọ.

O mọ̀ pé ọkọ mi ló ń dáná nílé wa. Èmi á máa rán kọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, òun á ti ibi tó ti lọ kunlé dé, á fọ ọwọ́ títí ọ̀dà á fi kúrò lábẹ́ èékánná, á wọ ilé ìdáná. Ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń sọ pé mo fẹ́ ọkọ, wọ́n fi alásè ṣe ènì fún mi. Ohun tí n kò tíì sọ fún ọ ni pé ojú rẹ̀ ń lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Á kọ lu igun tábìlì, á da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ó ní ẹ̀gbẹ́ ni àìsàn náà ti ń jẹ ojú wọlé, bí ìgbà tí iná bá ń jó etí ìwé. Ohun tó wà ní ọ̀gangan iwájú rẹ̀, ó ṣì ń rí i. Ohun tó wà lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, ń kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa kán sójú kó má baà tètè tán, ṣùgbọ́n ó ní èyí tó ti lọ ti lọ. Ó ní ohun tó bá fẹ́ fi ojú ṣe, kó tètè ṣe é.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ wálé, èmi ń sunkún, ọkọ mi ń ro ilé ìdáná. Àní ilé ìdáná! Ó pè mí, ó ní, "Abẹ́rẹ́, tí ọwọ́ mi bá máa mọ ibi tí nǹkan wà, àfi kí ojú kọ́ ọ kó tó lọ." Ṣé o rántí ilé ìdáná wa? Ó há débi pé ẹni méjì ò lè yíjú nínú rẹ̀. Síǹkì wà ní igun kan, gáàsì ní igun kejì, ẹni tó bá gbé ìkòkò gbígbóná á máa pòòyì bí ẹni ń jó. Ọkọ mi ní kí a wó ògiri tó dá a sọ́tọ̀ kúrò lára yàrá ẹrù, kí a gbé gáàsì sún mọ́ síǹkì, kí a sì la fèrèsé síbi tí oòrùn ti ń yọ. Ó ní tó bá di ọjọ́ iwájú, tí oòrùn bá ti kan òun lẹ́rẹ̀kẹ́, òun á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ti wọ̀ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ya pílánù ilé ló ya tiwa, ó sì kì wá nílọ̀ pé ẹni tó bá wó ògiri tàbí tó gbé gáàsì kúrò nípò láìgbàṣẹ, wọ́n lè ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà. A gbé pílánù lọ sí ọ́fíìsì. Ìyá Ìbejì, inú yàrá tí wọ́n ti ń dúró níbẹ̀ rí bí inú àlá. Bẹ́ńṣì gígùn wà lọ́tùn-ún lósì, fáànù kan ń yí lókè bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò wù ú kó jí, gbogbo wa gbé pílánù tí a ká lé ẹsẹ̀ bí ìyá ọmọ tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹnikẹ́ni ò pariwo. Kálukú ń rìn kiri nínú ilé tí kò tíì sí. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń kọ́ yàrá fún ìyàwó rẹ̀. Ó tú pílánù, ó fi ìka hàn mí ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà. Mo ní ìyàwó dà. Ó ní òun ṣì ń wá a.

Akọ̀wé gba pílánù wa, ó ní wọ́n á rán ẹnì kan wá wo ilé náà. Ìgbà wo? Ó ní tí wọ́n bá dé, a máa rí wọn. A padà wálé. A tún lọ, wọ́n ní àwa ló kàn. A tún lọ, wọ́n ní kò kàn wá mọ́, ẹni tó ń wo ilé ti gba ìsinmi. Mo ń fi ọ̀rọ̀ àgbà tu ara mi nínú pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Ṣùgbọ́n ojú ọkọ mi kò gbọ́ òwe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ó ti ya ilé ìdáná tuntun náà sórí sìmẹ́ńtì ilẹ̀, bó ṣe máa tóbi gan-an: síǹkì, gáàsì, kọ́bọ́ọ̀dù, fèrèsé, àlàfo ẹnu ọ̀nà. Ògiri tí a fẹ́ wó, kò yà á rárá. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ la ń gbé. Tí oòrùn bá ti rọ̀, á gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀kì wọlé, á di ojú, á ṣí ẹ̀rọ omi tí kò sí, á na ọwọ́ mú iyọ̀ nínú afẹ́fẹ́, á ro ọbẹ̀ nínú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé kaná. Èmi á jókòó sórí àpótí, màá máa gán etí aṣọ, màá máa wò ó. Nígbà míì á ṣe mí bíi pé mo ń gbọ́ òórùn àlùbọ́sà. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ gbé omi fún un, mo gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó la ojú kan, ó ní, "Abẹ́rẹ́, inú ògiri lo gbà kọjá yẹn." Mo tọrọ àforíjì, mo padà sẹ́yìn, mo lọ gba ẹnu ọ̀nà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi dànù.

Nǹkan kan ló ń dà mí láàmú. Tó bá dé àárín, níbi tó fẹ̀ gbalasa, ó máa ń dúró. Á na ọwọ́ sọ́tùn-ún, á na sósì, kò ní kan nǹkan kan. Á wá dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú. Bí òjò bá sì fọ ṣọ́ọ̀kì lọ, tó bá tún un yà, ìlà rẹ̀ máa ń nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò bi í ní ìdí. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tí à ń retí dé ní àárọ̀ kan tí ìkùukùu bolẹ̀. Obìnrin ni, ó ga, bàtà rẹ̀ ń dán, ó fi tépù ìwọ̀n kọ́ bẹ́líìtì. Kó tó kí wa tán, ó ti wọn ẹnu ọ̀nà. Nínú ọkàn mi mo sọ ọ́ ní Ìyáàfin Tépù. Ó wọn ilẹ̀, ó wọn òkè, ó kan ògiri kó, kó, kó, ó gbé etí lé e bíi dókítà. Ó gun òkè lọ sí yàrá wa, ó wo ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní:

"Ògiri yìí ò ṣeé wó."

Mo ní, "Kí ló dé, mà?"

"Òun ló gbé yàrá yín dúró. Tẹ́ ẹ bá wó o, orí bẹ́ẹ̀dì lẹ máa wà tẹ́ ẹ fi máa balẹ̀ sínú ilé ìdáná."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ṣáájú ọgbọ́n mi. Mo ní, "Mà, ojú ọkọ mi ń lọ. Ojú ẹ̀ ò ní dúró de pílánù míì." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo ti kábàámọ̀, torí ọkọ mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó wò mí, kò bá mi wí, ó kàn jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó lọ dúró láàárín ṣọ́ọ̀kì rẹ̀.

Ìyáàfin Tépù tẹ̀ lé e. Ó dé etí ìlà náà, ó dúró, ó wo ilẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó yí ká títí ó fi rí àlàfo ẹnu ọ̀nà, ó gba ibẹ̀ wọlé.

"Síǹkì dà?" ló bi í.

"Ẹ ti fẹ́ kọ lù ú," ni ọkọ mi fi dá a lóhùn.

Ó sún sẹ́yìn. Ó rọra wo gbogbo rẹ̀, ó wá na ọwọ́ gba ṣọ́ọ̀kì. Ó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bàtà dídán yẹn, ó ya ògiri padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àlàfo kan sílẹ̀ láàárín.

"Mo lè fọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà níbí," ó ní, "tí kò bá fẹ̀ ju báyìí lọ, tẹ́ ẹ bá sì gbé àtẹ́rígbà onírin lé e lórí. Fèrèsé yín dáa. Gáàsì yín dáa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìyá tó bí mi ló bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun wó ògiri yìí, n ò ní gbà."

Ó lọ. Mo bú u dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní ọkàn rẹ̀ le ju sìmẹ́ńtì lọ. Ọkọ mi ò bá mi dá sí i. Ní ọjọ́ kejì ó to pákó dúró lórí ìlà tí obìnrin náà yà, ó di ojú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Láti ìdí gáàsì, ó dé ẹnu ọ̀nà. Láti ẹnu ọ̀nà, ó dé ibi tí a máa kó àwo sí. Kò dúró láàárín. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ojú rẹ̀ sì ń tú ká bí ojú ẹni tí orin kan ń sọ sí lọ́kàn. Ó ní, "Abẹ́rẹ́, mi ò mọ̀ pé mo nílò ohun tí màá dì mú." Mo gbé aṣọ tí mò ń rán bojú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún pílánù yà, a gbé e padà, a tún jókòó sábẹ́ fáànù yẹn. Ìwé àṣẹ jáde, òǹtẹ̀ pupa lórí rẹ̀. Bíríkìlà dé. Lọ́jọ́ tó la fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ já wọlé lójijì sínú eruku, gbogbo ilé ìdáná di wúrà tó ń léfòó. Bíríkìlà gan-an dá òòlù dúró. Ọkọ mi na ọwọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ náà, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fọ ọwọ́ lábẹ́ omi.

Nígbà tó kan ọ̀dà, ó ní ẹnikẹ́ni ò ní bá òun kùn ún. Òun fúnra rẹ̀ ló po àwọ̀ náà: funfun, ó kán ìyeyè díẹ̀ sí i, ó tún kán pupa tí kò ju omijé lọ. Ó gbé igi tó fi rò ó sún mọ́ ojú, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Àwọ̀ tí mo fẹ́ máa rántí nìyí." Mo di àkàbà mú fún un. O ò rí bí rólà ṣe ń lọ sókè sódò lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, láìkán tó sílẹ̀. Ó kùn ún fún odindi ọjọ́ kan, kò jẹun.

Ìyá Ìbejì, ó fo ibì kan. Òkè ẹnu ọ̀nà tuntun náà ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Rólà gba ọ̀tún, ó gba òsì, àwọ̀ eérú sìmẹ́ńtì sì ṣẹ́kù láàárín. Mo rí i kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Mo ya ẹnu, mo pa á dé. Lọ́jọ́ kejì tó jáde, mo ri búrọ́ṣì bọ ọ̀dà, mo gun àkàbà dé ìdajì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọ búrọ́ṣì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Kí ni ọwọ́ mi ń wá níbẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ìyáàfin Tépù wá ṣe àyẹ̀wò tó gbẹ̀yìn. Ó wọn fèrèsé, ó tan gáàsì, ó pa á, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wọn àtẹ́rígbà. Ibẹ̀ ni ó gbójú sókè. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dúró. Obìnrin yìí kì í sì í gbójú fo nǹkan. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi ọwọ́ lé e. Ó mọ̀ pé obìnrin náà ń wo iṣẹ́ òun. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé mo fo ibì kankan?"

Obìnrin náà wò mí. Mo wò ó. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kùn ún dé ibi gbogbo."

Ọkọ mi mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní kó dúró jẹun. Obìnrin náà ní iṣẹ́ ò gba òun láyè, ó lu òǹtẹ̀, ó lọ. Mo sìn ín dé ojú títì, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

A ń retí yín bí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi. Kí o kì wọ́n nílọ̀, torí ojú ọmọdé mú, ẹnu wọn sì yá, kí ẹnikẹ́ni má na ìka sókè lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ìwọ náà á rí i. Má wò ó pẹ́. Tí ọkọ mi bá bi ọ́ léèrè bí àwọ̀ náà ṣe rí, sọ fún un pé ó dára. O ò ní parọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ní àárọ̀, tí oòrùn bá bọ́ sí i lára, ó dára ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, bá mi kí Ìyá àgbà, kí o sì rọra kí wọn o, kí wọ́n má baà ní mo ń pariwo mọ́ àwọn. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, ó wà nídìí iná.

Èmi tí o mọ̀ láti kékeré ni,

Abẹ́rẹ́.