Morẹ́nikẹ́ àti Alùpùpù Japheth

Ìyá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi. Ẹ ní àbúrò mi Japheth ra alùpùpù, ó sì fẹ́ máa fi gbé e gba òkè Mápó lọ sílé-ìwé. Ẹ sọ fún un pé mo ní rárá. Bó bá bínú, kó bínú. Ọmọ ọdún márùn-ún lè fẹsẹ̀ rìn.

Mo gun ti ọ̀gá mi níbí ní Jẹ́bà lọ́jọ́sí. Ó sáré dáadáa. N kò ní í gun òmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí wàhálà o. Mò ń jẹun, ọ̀gá sì ní kí n sinmi díẹ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé. Olúsànyà ọmọ yín ló ń kí yín. Ẹ má bínú, Ìyá mi, pé ọwọ́ òsì ni mo fi kọ̀wé sí yín.