Owó Wúrà Bàbá Rẹ

Remedios ọmọ mi,

Mo ti gbé máṣíìnì ìránṣọ mi lọ tà ní ìlú Silao. Tí bàbá rẹ bá béèrè rẹ̀, sọ pé mo lọ tún un ṣe ni.

Láàárọ̀ yìí mo kó ẹyọ owó wúrà mẹ́sàn-án tí bàbá rẹ fi ọdún mẹ́sàn-án rà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, ká lè rówó iṣẹ́ abẹ wọn. Ọkùnrin náà họ etí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, bàbà ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n kàn fi wúrà kùn ún lára ni." Hilario ọ̀rẹ́ wọn ló tà á fún wọn. Tó bá wá kí wọn, má ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo ti dá owó náà padà sínú agolo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ̀wà wà lórí iná, omi rẹ̀ nìkan ni kó o fún wọn.

Bàbá rẹ bi mí pé, "Ṣé wọ́n rà á?" Mo ní iye owó wúrà ṣì ń gòkè, pé ká má tíì tà á, pé mo ti rówó níbòmíràn. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé mi ò ní fi yín sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo," wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín wọn gbẹ̀yìn. Jọ̀ọ́, má gba ẹ̀rín náà lọ́wọ́ wọn.

Ìyá rẹ