Iṣu Méjìlá fún Àwọn Ará Àpápá

Abúlé Ọbalọlá,
Lọ́nà Ìgbòho,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Suwaibat ọmọ mi,

Asalaamu alaekun. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú omi kò ní gbàgbé láti ṣọ́ ọ lórí ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀, o kò ní fẹsẹ̀ kọ, o kò ní bá wọn pín nínú àdánù, àwọn tó fẹ́ràn rẹ kò ní sunkún rẹ. Àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ Sàfíátù ní kí n kí ọ. Orúnkún tó ń dùn ún ti ń gbóògùn díẹ̀díẹ̀, àfi pé bí mo bá ti rán an níṣẹ́ ni ó tún máa ń bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ elétí kan ti bí ìbejì. Ìjọba ti gbé òpó iná wá sí abúlé wa, òpó nìkan ni wọ́n gbé wá, iná kò tíì bá a wá, ṣùgbọ́n a ti ń so ewúrẹ́ mọ́ ọn, kò sì já rí.

Èmi bàbá rẹ ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni, awakọ̀ kan tó ń lọ sí Èkó lálẹ́ yìí ni yóò sì mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ. N kò pè ọ́ lórí fóònù nítorí pé bí mo bá ti gbé e sétí, ariwo ni mo máa ń pa, ìwọ náà á sì dákẹ́, a ó wá máa jẹ owó káàdì lórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. O rántí bí a ṣe fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo ní kí o fi iṣẹ́ mímú àlejò kiri náà sílẹ̀, kí o wálé wá gba iṣẹ́ akọ̀wé tí Sànúsí bá wa wá ní káńsù, mo sì ní kí o ti dé kó tó di ọjọ́ Ẹtì yìí, torí pé ọjọ́ Ẹtì ni Sànúsí fẹ́ kọ orúkọ. O ní o máa rò ó. Inú bí mi. Mo ta màlúù kan àti ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ odò kí o lè jáde ní Pólì, wọ́n wá ń sọ fún mi pé ọmọ mi ń rìn níwájú àjèjì ní títì Àpápá, ó ń na ìka sí ilé onílé. Mo ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Ẹni tó bá fẹ́ wo ilé, ṣé kò lójú ni?

Ìyá rẹ ló ní kí n kọ́kọ́ ka ìwé tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù òun, èyí tí o pè ní Ọjọ́ Kan ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, kí n tó máa bínú. Mo gbé fóònù náà lọ bá àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ìgbòho, mo ní kí wọ́n bá mi gbé ìwé náà jáde sórí tákàdá, kí bátìrì má baà gbé e lọ. Mo bi wọ́n bóyá èyí tó wà nínú fóònù á ṣì kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e jáde, torí ìyá rẹ. Wọ́n ní á kù. Mo ní kí wọ́n búra.

Mo wá jókòó, mo kà á dáadáa. O dárúkọ Chinyere tó ń yan ẹja ní ọjà Bọ́ńdírì, o ya ìràwọ̀ mẹ́ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. O dárúkọ Ejiroghene tó ń fi ọkọ̀ gbéni lọ sí Snake Island, o ya mẹ́rin. O dárúkọ Warehouse Road, o ya márùn-ún. Mo ní háà, ọmọ yìí ṣì ní ẹ̀kọ́ ilé o! Ó ti kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń ṣe é lóore, ó sì fi ìràwọ̀ sàmì sí bí oore kálukú ṣe tó, kí àwa òbí lè mọ iye iṣu tí a ó gbé lọ. Àbí ta ni kò mọ̀ pé iṣu ni a fi ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ ẹni? Ìyá rẹ ní ìràwọ̀ kì í ṣe iṣu. Mo ní kí ló wá fẹ́ jẹ́? Mo lọ sí abà, mo ṣa iṣu méjìlá, àwọn tí kò tóbi jù, torí mo mọ ọrùn ara mi.

N kò ní parọ́ fún ọ, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà kí n fi ọwọ́ mú ọ wálé. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúpẹ́, kí wọ́n má baà pè é ní aláìmoore. Bẹ́ẹ̀ ni, Suwaibat, mo wá sí Èkó. Ọjọ́ Àìkú ni mo dé, o kò sì mọ̀. Ọ̀dọ̀ Hameed ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa tírélà ní Wharf Road ni mo sùn. Má bá a jà, mo mú un búra pé kò ní sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé àpò iṣu lérí, mo ń tẹ̀lé ìwé rẹ bí o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Chinyere kọ́kọ́ rò pé mo wá ta iṣu ni, ó ní òun kò rà. Mo ní kì í ṣe títà, ọpẹ́ ni, èmi ni bàbá Suwaibat, ìràwọ̀ mẹ́ta lo ní, iṣu rẹ rèé. Ó ké, ó ní Papa Suwa! Ó pa gbogbo ẹja tó wà lórí iná tì, ó wá kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní láti ìgbà tí o ti ń mú àlejò wá jẹun lọ́dọ̀ òun, òun ti ra àga mẹ́rin kún ti tẹ́lẹ̀. Ó yan ọ̀kan nínú iṣu náà fún mi, ó da epo àti ata sí i, ó sì fi ẹja lé e lórí. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo sọ fún ara mi pé iṣu mẹ́ta kéré fún obìnrin yìí, ìràwọ̀ rẹ ni kò pé.

O kọ ọ́ pé àárọ̀ ni kí èèyàn wọ ọkọ̀, nígbà tí omi ṣì dákẹ́, nítorí náà mo kọrí sí èbúté. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi kí n tó wọlé, wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ní nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀ lágbára Ọlọ́run, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn láàárọ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé gbogbo èèyàn ló ń kọ, mo rò ó pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní láyé. Mo kọ ìyá rẹ, mo kọ ẹ̀yin ọmọ márààrún, mo kọ Baálẹ̀, mo kọ Lèmọ́mù, mo wá kọ Sànúsí kún un torí pé ó mọ èèyàn ní káńsù. Tákàdá kò gbà mí, mo yí i padà sí ẹ̀yìn. Àwọn tó tò lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lẹ́yìn èyí wọ́n fún mi ní ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn kan tí kò lápá, tó wú bí ìrọ̀rí. Mo dúpẹ́ gidigidi. Nígbà tí a dé òdìkejì mo bọ́ ọ, mo ká a, mo tì í sínú àpò. Ejiroghene ní Papa, abeg, ẹ̀wù ọkọ̀ ni. Mo bi í bóyá báyìí ni wọ́n ṣe ń gba ẹ̀bùn padà ní Èkó. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbà á padà.

Mo rí àwọn apẹja, mo rí ọkọ̀ ojú omi ńlá tí wọ́n fà wá sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń jó irin mọ́ lára. N kò rí ejò tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, mo sì wá a. Ejiroghene kò gbowó lọ́wọ́ mi. Ó ní tẹ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni òun ń gbé kọjá, ìwọ lo kọ́kọ́ mú èèyàn tó kàn fẹ́ wo omi wá. Ó ní lọ́dún tó kọjá, ìjì ń bọ̀, àwọn àlejò ń pariwo pé àwọn á kọjá dandan, ìwọ lo dúró lẹ́nu ọkọ̀, o ní ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀ ọ́, o sì dá owó wọn padà. Mo gbọ́ ìyẹn, mo ka iṣu mẹ́rin rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó ní àwọn àlejò tòní ti bá ọ padà pẹ̀lú ọkọ̀ àkọ́kọ́, Warehouse Road ló kù tí o ń mú wọn lọ.

Suwaibat, mo ti sọ fún gbogbo yín pé òwò ni mo wá ṣe ní Èkó nígbà ọ̀dọ́ mi. Irọ́ ni. Ẹrù ni mo rù. Ọdún tí ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì wá tò lọ bẹẹrẹ lórí òkun, mo wà lára àwọn tó rù ú. Warehouse Road ni mo ń sùn, ní ẹ̀bá ilé ìkẹ́rùsí kan, bí òógùn bá ti kan sìmẹ́ǹtì, á dì mọ́ mi lórí. Kò sí ẹni tó bèèrè orúkọ mi, "ìwọ yẹn" ni wọ́n ń pè mí. Ojú ń tì mí títí di ìjẹta. Ohun tó fà á nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ọmọ mi máa bá àjèjì rìn ní títì yẹn. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀, n kò mọ̀ pé ó ti sọ fún ọ.

Lẹ́yìn ìrun Àílà ni mo débẹ̀. Mo rí ọ láàárín àwọn àlejò, o dé fìlà aláwọ̀ ewé. Mo sá sẹ́yìn tírélà kan, mo ń wá àyè tí n ó fi mú ọ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ. O ní àwọn èèyàn rò pé ọkọ̀ ojú omi ló kọ́ Àpápá, o ní ọrùn èèyàn ló kọ́ ọ. O dárúkọ mi, o ní Tájù Ọbalọlá láti Ìgbòho, bàbá mi, ibí yìí ló sùn nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún, sìmẹ́ǹtì tó rù wà nínú àwọn ilé tí ẹ ń wò yìí. O sọ ọ́ sókè. Ojú kò tì ọ́ rárá. Bàbá àgbàlagbà kan nínú àwọn àlejò náà ṣí fìlà. Èmi ni wọ́n ṣí fìlà fún, Suwaibat. Mo sunkún lẹ́yìn tírélà. Awakọ̀ bi mí bóyá èéfín òun ń wọ̀ mí lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

N kò jáde sí ọ. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé kò sí olóore kankan tí mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, èmi ni o ya ìràwọ̀ márùn-ún fún. Mo dúró títí ẹ fi lọ. Mo wá pín iṣu márùn-ún tó kù fún àwọn alábàárù tó ń já ẹrù níbẹ̀ títí di òní, mo sì bèèrè orúkọ kálukú kí n tó fún un.

Wàyí o, àná ni mo padà délé, bá mi wá owó díẹ̀ fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ ní òun náà fẹ́ wọ ọkọ̀ omi, orúnkún rẹ̀ ti jinná pátápátá láti ìgbà tí mo ti ròyìn ibẹ̀ fún un. Má fi owó náà ránṣẹ́ lálẹ́, wọ́n ní àwọn olè ń já owó gbà lójú ọ̀nà báńkì, àárọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́ kó lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí o sì bá wọn sọ̀rọ̀, torí owó tí wọ́n kà fún mi nígbà tó kọjá kì í ṣe èyí tí ìwọ fi síbẹ̀, ó ti gbó jù, ó dá mi lójú pé ọmọ mi kò lè fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Mo ti lọ bá Sànúsí láàárọ̀ yìí. Mo ní kó kọ orúkọ Mujeedat ọmọ Ògúnjìmí sí àyè náà, ọmọ yẹn kàwé, ó sì ti jókòó sílé tipẹ́. Ó bi mí bóyá orí mi pé. Mo ní ó pé, ọmọ tèmi ti níṣẹ́.

Ọlọ́run á máa lọ níwájú rẹ bí o ṣe ń lọ níwájú àwọn àlejò. Omi kò ní bínú sí ọ, ilẹ̀ kò ní yọ̀ ọ́, ohùn rẹ kò ní há. Àwọn tó bá tẹ̀lé ọ á padà sílé wọn láyọ̀. Ọjọ́ Ẹtì tí mo dá fún ọ, má wálé. Ṣé o gbọ́? Má wálé o, Suwaibat. Lọ síbi iṣẹ́ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tájù Ọbalọlá,
alábàárù Àpápá.