Wúfà Abẹ́ Pósí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ó rí mi lára. Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn Oníjó — orúkọ tí mo sọ ilé ìsìnkú tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa nìyẹn — gbé òkú kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ìsìnkú tiwa láàárọ̀ yìí. Orin inú ọkọ̀ wọn ń dún gbì, gbì, gbì. Gíláàsì fèrèsé wa ń gbọ̀n. Iná búlúù ń ṣẹ́jú lábẹ́ ọkọ̀. Òkú wà nínú rẹ̀ o! Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, mo ń wò wọ́n bí ẹni tó rí eku nínú ọbẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin, Aláriwo, ní kí n yé fajú ro. Ó ní àwọn ìdílé kan ti yà kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sọ́dọ̀ wọn láti ìgbà ọdún tuntun, nítorí ọkọ̀ tiwa dákẹ́ jù. Ọkọ̀ òkú dákẹ́ jù! Kí ló yẹ kó máa ṣe, kó máa tàkìtì?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Bàámi ti dá ẹjọ́ èmi àti Aláriwo, ẹni tó fẹ́ ká máa tẹ orin nínú ọkọ̀. Òun ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, òun ló sì ń wẹ òkú. Èmi ń wakọ̀, mo sì ń rán aṣọ tí a ń tẹ́ sínú pósí. Aláriwo ló ń gba àlejò, nítorí ẹnu rẹ̀ dùn. Mo rò pé Bàámi máa lé e jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orin rẹ̀. Ó ronú títí, ó wá ní ká fi wúfà, sípíkà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ohùn orin jáde, sínú ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n òun kò gbọdọ̀ rí i. Ó ní kó dà bíi pé wọ́n bí i mọ́ ọkọ̀ ni. Ó ní èmi ni kí n yàn án, nítorí èmi ni mo kórìíra rẹ̀ jù, n kò ní jẹ́ kó di yẹ̀yẹ́. Ọgbọ́n àgbàlagbà. Ó tún ní bí àwọn oníbàárà bá ń lọ báyìí, òun á ti ilẹ̀kùn kí ọdún tó parí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè iyọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rìwáyà, ẹni tó ń tún iná àti rédíò ọkọ̀ ṣe. A ń pè é ní Kò-sí-Wàhálà, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kí wàhálà tó dé. Ẹ̀gbin! Wáyà kún ilẹ̀, kò sí ibi tí ènìyàn máa gbé ẹsẹ̀ sí. Sípíkà tò sára ògiri láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ kan ọ̀kan kí n mọ bó ṣe ń mí. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo ṣàlàyé: wúfà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí. Ó wọlé, ó gbé àpótí kan jáde tó gùn bíi bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ya iná tó ń jó sí lára. Mo bi í bóyá ó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó ní kò sí wàhálà, a lè da aṣọ bò ó. Da aṣọ bò ó! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí! Kí àwọn ẹlẹ́kún rò pé òkú méjì ni a gbé.

Mo jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Mo padà lọ, nítorí Aláriwo ní bí n kò bá lọ, òun á lọ fúnra òun. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Èyí tí a kọ́kọ́ dán wò rí pẹlẹbẹ, irin dúdú, abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ló ń wọ̀. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń wúkọ́ nínú garawa. Ó sì ń gbọn ìdí mi. Opó á máa sunkún lẹ́yìn, ìdí tèmi á máa jó níwájú — rárá o. Èkejì jẹ́ ti ara ilẹ̀kùn: wọ́n á yọ sípíkà tó bá ọkọ̀ wá, wọ́n á fi èyí tó lágbára jù ú lọ sínú ihò kan náà, wọ́n á dá ìbòrí àtijọ́ padà sójú rẹ̀. Ìyẹn wù mí, kò sí ohun tójú lè mọ̀. Àmọ́ kò ní ìsàlẹ̀ ohùn rárá, ilẹ̀kùn nìkan ló ń gbọ̀n jìgìjìgì.

Ó ku wúfà kékeré kan tí kò ní àpótí. Kò-sí-Wàhálà ní òun lè kan àpótí tó bá àyè yòówù mu fún un. Ó bi mí pé àyè wo. N kò mọ̀. Ó ń jẹ ẹ̀pà bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń tu èèpo rẹ̀ sínú ọjà tó fẹ́ tà fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Orí ń fọ́ mi. Gbì-gbì yẹn ti wọ inú oorun mi.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Mo rí àyè náà. Èmi fúnra mi ni mo rí i.

Lábẹ́ pẹpẹ tí a ń ti pósí lé, ihò kan wà tí a ń kó jáàkì àti okùn sí. Ojú ẹnikẹ́ni kì í dé ibẹ̀. Kò-sí-Wàhálà fi pátákó kan àpótí tó wọ inú rẹ̀ géérégé. Ibẹ̀ ni mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí aṣọ pupa ló fẹ́ fi bò ó. Kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú tó kù nínú ti ilẹ̀ ọkọ̀ ni mo fi bò ó. Mo rán etí rẹ̀ bí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ṣe rán tiwọn, irú òwú kan náà, ojú abẹ́rẹ́ kan náà. Rédíò tó bá ọkọ̀ wá náà ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Kò sí bọ́tìnnì tuntun kankan.

Kò-sí-Wàhálà ní kí n wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ fọ ọwọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

A dán an wò. Bàámi ní òfin kan tí kò sẹ́ni tó jẹ́ rú: pósí òfìfo kì í wọ ọkọ̀ wa. Ó ní ọkọ̀ tó bá gbé òfìfo á máa wá ẹni tó máa kún un. Nítorí náà, àpò iyanrìn ni a tò sórí pẹpẹ kó lè wúwo tó ènìyàn. Aláriwo tẹ orin. Ohùn náà jáde wá láti ìsàlẹ̀. Kò pariwo, kò fọ́, ó kàn kún inú ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan kò gbọ̀n.

Aláriwo bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo ní kó mú ìdí rẹ̀ dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Bàámi wọ inú ọkọ̀, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Kò rí i. Ó bi mí bóyá a ti gbé e sí i. Inú mi dùn. Ó sì rí mi lára pé inú mi dùn, èmi tí mo ń ṣépè fún àwọn Oníjó lọ́jọ́sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Ìyá kan wá. Aránṣọ ni. Kó tó jókòó ló ti fọwọ́ tọ́ ojú rírán aṣọ pósí tó wà lórí tábìlì mi, ó ní ó dáa. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kú, bíríkìlà, ó já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn Oníjó ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní kó yan àwọ̀ iná tó wù ú. Ó dìde, ó fi wọ́n sílẹ̀.

Ó ní òun kò fẹ́ ariwo. Ṣùgbọ́n orin kan wà tí ọmọ náà máa ń gbọ́ bó bá ń wẹ̀, tí òun máa ń jágbe mọ́ ọn pé kó pa á. Ṣé a lè fi í sí i fún un, kékeré báyìí? Mo ní a lè ṣe é.

Bó ṣe jáde tán, Aláriwo fò sókè pé a ti borí àwọn Oníjó. Mo fẹ́ gbá a lẹ́nu. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Mo tẹ́ aṣọ funfun sínú pósí ọmọ náà. Pósí tó dáa, ìdìmú irin rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ga. Mo fi tìmùtìmù kékeré sí i lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ kó tó di ìtàn lẹ́nu Aláriwo.

Èmi ń wakọ̀, Bàámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyá náà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, pósí lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Aláriwo àti àwọn ẹbí ń tẹ̀ lé wa nínú ọkọ̀ mìíràn. A dé ojú títì gbọọrọ, mo tẹ orin. Ohùn obìnrin kan ló kọ́kọ́ wọlé, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ ohùn dé.

Kọ́. Kọ́. Kọ́-kọ́.

Láti ara pósí. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Wúfà ń gbọn pẹpẹ, pẹpẹ ń gbọn pósí, ìdìmú irin ń lu pátákó. Àpò iyanrìn kò ní ìdìmú.

Ìyá náà ké. Kì í ṣe igbe ẹ̀rù, ohun tí n kò lè gbàgbé nìyẹn. Igbe ayọ̀ ni. Ó ní ó ń kànkùn! Ó ní ẹ dúró, ọmọ mi ń kànkùn, mo sọ fún wọn ní ọsibítù pé ara rẹ̀ ṣì gbóná! Mo yára pa orin. Kíkàn náà dákẹ́, ìyẹn ló wá burú jù: ó ní ó ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí i kí èémí rẹ̀ tó tán.

Ó bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán. Ó ń fi èékánná wá súkúrù ìdérí. Bàámi, ẹni tí kì í sáré, sáré. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ìyá náà ń bẹ Bàámi, ó ń pè é ní bàbá òun. Bàámi wò mí, ó ní kí n ṣí i.

Mo tú u lójú títì. Ìyá náà wò ó. Ó fọwọ́ gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí a ṣe ń jí ọmọ tó pẹ́ lójú oorun. Lẹ́yìn náà ló fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Èmi ni mo sọ fún un. Mo ní ẹ̀rọ ni, Mà. Mo ní èmi ni mo yan ibẹ̀, èmi ni mo rán aṣọ bò ó. Mo ń retí kó gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi. Ara mi rí mi lára débi pé n kò lè gbé ojú sókè. Ó kàn bi mí pé níbo ló wà. Ó wò ó títí, kò rí i, aránṣọ bíi tirẹ̀, àfìgbà tí mo fa ìka rẹ̀ lé ojú rírán náà.

A dé pósí padà. A wọlé. Mo nawọ́ láti yọ orin náà kúrò pátápátá. Ó ní kí n fi sílẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, Mà, á tún máa kàn o. Ó ní òun mọ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kọ́. Kọ́. Kọ́-kọ́. Mo rí i nínú dígí: ó ti yí padà sẹ́yìn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pósí, gbogbo ìgbà tó bá ti kàn ló ń dá a lóhùn. Mo wà níbí. Mo wà níbí, ọmọ mi. Bàámi tẹjú mọ́ iwájú. Mo ń wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́ títí orin náà fi parí, ìyá náà sì ní kí n tún un tẹ̀.