Ẹni Kẹrin Lẹ́yìn Ọgọ́ta

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹjọ
Èsì yunifásítì dé. Abẹ́rẹ́ ọmọ mi (tín-ín-rín, ẹnu mú) kò rí ìmọ̀ oògùn gbà, wọn ò sì lé e. Ẹni 1,140 ló béèrè, 60 ni wọ́n ń gbà. Mo pín in: ọmọ mọ́kàndínlógún, àyè kan. Òun ṣe ipò kẹrìnlélọ́gọ́ta. Wọ́n ní kó dúró lórí ìlà. Bí ẹnìkan nínú ọgọ́ta bá yọ, wọ́n á fa ẹni tó kàn sókè. Òun ni ẹni kẹrin lórí ìlà náà.
Wọ́n fún un ní ìṣirò owó, tó mú ṣe ìkejì. 220 ló béèrè ìyẹn, wọ́n gba 200. Ẹni tó bá ṣáà ti kanlẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6
Ó ní òun á dúró títí di ìparí oṣù. Mo ní ìṣirò owó náà iṣẹ́ gidi ni, èmi tí n ò ka ìwé lọ títí, òun ni mo fi ń jẹun nídìí ìránṣọ. Ó ní, "Ìyẹn náà ni, Mọ́mì. Ẹ ti ṣírò tiyín, ẹ ti ṣírò tèmi mọ́ ọn." Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tíì rẹ̀ fi tutù.

Ọjọ́bọ̀, 8
Ẹni méjì ti yọ. Ó ku ẹnìkan níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10
Màdámù Síìpù, oníbàárà mi, wá wọ aṣọ wò. Lójú tiẹ̀, kò sanra rí láyé, síìpù ni wọn ò ṣe dáadáa mọ́. Ibi tí mo ti ń fi píìnì há ìbàdí rẹ̀ ló ti ní ọmọ òun wà lára ọgọ́ta ìmọ̀ oògùn, àmọ́ òkè òkun ló ń lọ.
Píìnì wà lẹ́nu mi. Mo yọ wọ́n tán kí n tó béèrè bóyá wọ́n ti sọ fún ilé ìwé pé ọmọ náà ò wá mọ́.
"Ká sọ ọ́ kíá fún kí ni? Ẹni tó ní àga méjì, ìdí rẹ̀ ò lè kanlẹ̀."
Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ kan wà lórí ìdúró lẹ́yìn àga yẹn."
"Ọmọ ta ni?"
"Tèmi ni."
Mo tú ìbàdí aṣọ náà fún un, mi ò gba kọ́bọ̀. N kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 11
Mi ò tíì sọ fún Abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 12
Mo yà sí ilé ìwé láti bi wọ́n bí ìlà ṣe ń lọ. Ọ́fíìsì tútù, gbogbo àga ní nọ́ńbà. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri: ẹni tó bá sanwó ìṣirò owó kó tó di Ọjọ́rú, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún un. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró. Owó ọkọ̀ Abẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́ta nìyẹn.
Mo san án. Bí ìmọ̀ oògùn bá jáde, wọ́n á kàn gbé owó náà lọ síbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó san àsansílẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì tó wá ní gáùn lòun fẹ́, orí gáùn náà ni mo ń gbé owó rẹ̀ lọ.
Akọ̀wé bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ìyá, ṣé ó dá yín lójú?" Mo rò pé ẹ̀dínwó náà ló ń dùn ún.

Ọjọ́rú, 14
Ẹnìkan tún yọ. Nínú ìṣirò tiwa, Abẹ́rẹ́ ló kàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 16
Màdámù Síìpù pè láàárọ̀. Wọ́n ti jọ̀wọ́ àyè ọmọ wọn lánàá. "Ẹ bá mi kí apòògùn wa." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún Abẹ́rẹ́, àfi ti owó. Ó gbá mi mọ́ra tòun ti tẹ́ẹ̀pù tó wà lọ́rùn mi.

Ọjọ́ Ajé, 19
Ilé ìwé ò pè. Abẹ́rẹ́ pè wọ́n, ó ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ ká lè jọ gbọ́. Wọ́n ti fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní àyè náà lọ́jọ́ Ẹtì. Orúkọ tirẹ̀ ti kúrò lórí ìlà láti ọjọ́ kejìlá: ẹni tó bá ti sanwó ẹ̀kọ́ kan, ìyẹn ló mú.
Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Ta ló sanwó?"
Mo ní èmi ni. Mo ní ẹ̀dínwó wà níbẹ̀.
"Èló?"
Mo dárúkọ iye náà. Ó ní, "Ó pọ̀ lóòótọ́." Kò fi ṣe mí ní ẹ̀sín rárá. Bàbá rẹ̀ dìde, ó jáde síta.

Ọjọ́rú, 21
Ilé ìwé ní àwọn kì í dá owó padà. Abẹ́rẹ́ ní òun ò ní ka ìṣirò owó, òun á tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní ó dáa. Mo bi í pé èló ni fọ́ọ̀mù rẹ̀, kí n lè tètè lọ san án.
Ó ní kí n kó owó náà lé òun lọ́wọ́. Òun fúnra òun ni yóò lọ san án.