Ẹsẹ̀ Mẹ́rin ní Oríta Awa

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún
Ọ̀sẹ̀ kẹta mi ní Awa. Ìjẹ̀bú wọn kò tíì yé mi tán. Olùkọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ gíga ní kí oníkálukú kọ ìtàn ohun kan tó ti pòórá ládùúgbò. Mo ti mọ tèmi: ère àwọn ọlọ́sìn ẹran ní oríta — pèpéle símẹ́ńtì, ẹsẹ̀ mẹ́rin lórí ẹ̀, kò sí ara, kò sí orí. Ẹlẹ́sẹ̀ ni mo sọ ọ́. Òun nìkan ni mo ń kí láàárọ̀.

Ọjọ́rú, 7
Ẹni mẹ́ta ni mo bi pé ẹran wo ni. Gbogbo wọn ní màlúù ni. Farouk ọlọ́kadà ní, "Màlúù ni jàre, àǹtí! Àbí ẹ fẹ́ ra pọ̀nmọ́ ẹ̀ ni?"

Àbámẹ́ta, 10
Òjò fọ ẹrẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn pátákò kọ̀ọ̀kan, ọmọ ìka méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ti màlúù kì í wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n fi bú mi títí mo fi jáde girama. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbí.

Ìṣẹ́gun, 13
Ìyá Naomi, tó ń lọ ata ní oríta, bá mi níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí nídìí ère. Mo ní ẹlẹ́dẹ̀ ni, mà, ìtàn ẹ̀ ni mò ń kọ fún kíláàsì. Ó lọ pa ẹ̀rọ ẹ̀. Ó ní Titus ọkọ òun ló mọ ère náà fún àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Àrùn dé, ẹlẹ́dẹ̀ kú tán lọ́sẹ̀ kan. Àwọn ará àdúgbò ní ère ló fà á, wọ́n fi òòlù fọ́ ọ lójú Titus. Kò pẹ́ tí Titus náà fi kú. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ìjọ aládùúrà wọn kì í jẹ ẹ́ — ni gbogbo wọn bá sọ ọ́ di màlúù. "Ọmọ mi, kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Titus. N ò bẹ̀ ọ́ ní nǹkan míì." Mo ṣèlérí.

Ọjọ́bọ̀, 22
Mo dúró níwájú kíláàsì. Ẹnì kan ké látẹ̀yìn: "Ṣé kì í ṣe òbúkọ?" Ẹ̀rín sọ. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo rántí orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní girama.
"Màlúù ni, sà."
N kò dárúkọ Titus. Olùkọ́ ní iṣẹ́ mi ló dára jù. Ó ní wọ́n á ri bọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà.

Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹfà
Bọ́ọ̀dù ti dúró. Ìyá Naomi kò mọ̀wé. Ó nu ata kúrò lọ́wọ́, ó fà mí lọ síbẹ̀. "Kà á fún mi." ÈRE MÀLÚÙ ni wọ́n kọ, orúkọ mi wà nísàlẹ̀. Mo kà: "Ère ẹlẹ́dẹ̀. Titus ló mọ ọ́n." Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó fi ìka tọ orúkọ mi, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ó rò pé Titus ni.

Naomi ọmọ ẹ̀, tíṣà ní Ìbíadé, ń bọ̀ lọ́la. Ìyá ẹ̀ ní òun ò ní sọ nǹkan kan fún un. Òun á kàn mú un débẹ̀, kó fojú ara ẹ̀ kà á.